Láti yúníìtì 90 sí 51: bí mo ṣe wá ohun tó ń jẹ iná nílé wa ní Abẹ́òkúta

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù kejì 2025

Iná tí mo fi ₦20,000 rà lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ti tán kí a tó dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe ń tẹ nọ́ńbà 20 ti tuntun sínú mítà, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ń fa iná wa lò báyìí?" Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń rò ó. Lónìí, mo mú ìwé ìkọ̀wé kan tí àwọn ọmọ ò lò tán, mo kọ iye tó wà lójú mítà sí i: 88.8. Láago méje ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú ni màá máa kọ ọ́, títí màá fi mọ ibi tí owó wa ń gbà lọ.

Ilé wa ò tóbi. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀ kan, ilé ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, àti ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó mi ti ń ránṣọ níwájú. Ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé inú rẹ̀: èmi àti ìyàwó mi, àwọn ìbejì, màmá mi, àti ọmọ iṣẹ́ kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. A ní kàǹga, pọ́ǹpù 1 HP ló ń fa omi rẹ̀ lọ sínú tánkì òkè, fúlótì inú tánkì ló sì ń tan pọ́ǹpù náà tó ń pa á. Ẹ̀yìnkùlé wa ni àpáta ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta. Oòrùn á yan án láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá wá di alẹ́, á máa da ooru náà padà sára ògiri wa. Ní ibi tí à ń gbé, fáànù kì í ṣe fàájì.

Band A ni wọ́n kó àdúgbò wa sí, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Oṣù kẹrin 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé owó yúníìtì kan fún Band A láti ₦68 lọ sí ₦225. Ó wálẹ̀ sí ₦206.80 lóṣù karùn-ún, ó tún gòkè díẹ̀ sí ₦209.50 lóṣù keje. Ẹ fi VAT, owó orí ọjà tí í ṣe 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kún ₦209.50, ẹ ó rí i pé ₦225 náà ló padà jẹ́ nínú àpò ẹni tó ń rà á. Ṣáájú àsìkò yẹn, iná kì í wá tó bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lè ti wà nílé tipẹ́, kó jẹ́ pé òkùnkùn ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9

Yúníìtì 90 lọ́sẹ̀ kan. ₦20,250. Mo ní láti fi ₦5,000 kún un lánàá kó má baà já sí wa lọ́wọ́.

Mo pe gbogbo ilé jọ lálẹ́ yìí, mo sì là á lélẹ̀: ẹni tó bá jáde ní yàrá kó pa iná, kí tẹlifíṣọ̀n má tàn lọ́sàn-án, kí a má tan fáànù títí di ìgbà tí a bá fẹ́ sùn, kí Màmá sì pa ti tiwọn láago méjìlá òru.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16

Yúníìtì 87.

Gbogbo òfin tí mo ṣe, mẹ́ta péré ló bù kúrò. Ní òwúrọ̀ yìí mo bá Màmá níta lórí àga, ojú wọn wú. Wọn ò bínú sí mi. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, ooru yìí ò jẹ́ kí n sùn." Ẹni ọdún 74, mo ní kí wọ́n pa fáànù nínú oṣù kejì, nítorí yúníìtì mẹ́ta. Ó dùn mí gan-an. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì fagi lé gbogbo òfin náà. Láti òní lọ, n kò ní fọwọ́ kan ohun tí ènìyàn ń lò títí màá fi rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò tó ń jẹ iná.

Òru ọjọ́ kan náà

Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí ló yẹ kí n ti mọ̀ látijọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní mítà lè ṣe é láìná kọ́bọ̀. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó máa ń tàn tó tún ń kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára tiwa ni wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí iná pupa yẹn bá tàn nígbà 1,000, yúníìtì kan ti lọ. Nítorí náà, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbà tó tàn àti ìgbà tó tún tàn, kí ẹ wá fi iye yẹn pín 3,600. Èsì rẹ̀ ni iye wọ́ọ̀tì tí gbogbo ilé ń fà lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 36, wọ́ọ̀tì 100 ni. Tó bá jẹ́ 3.6, wọ́ọ̀tì 1,000 ni. Tí mítà tiyín bá kọ 1600 tàbí 3200, ẹ tún fi 1.6 tàbí 3.2 pín èsì náà.

Láago mọ́kànlá ààbọ̀, mo tọrọ àyè lọ́dọ̀ Màmá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo pa gbogbo súìṣì inú ilé. Fíríìjì nìkan ló kù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú aago ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Iná pupa náà ń tàn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́ọ̀tì 1,200! Fíríìjì wa kò lè fà tó bẹ́ẹ̀ láé. Mo dákẹ́, mo sì fetí sílẹ̀, mo wá gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé: pọ́ǹpù omi ń ké wìì nínú òkùnkùn.

Mo tan fáànù àwọn ènìyàn padà, mo gbé àpótí ìjókòó ti ògiri, mo sì jókòó títí di aago márùn-ún ìdájí. Ìgbà mẹ́rin ni pọ́ǹpù náà tan ara rẹ̀, ó ń lo bí ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 24 lápapọ̀. Nínú gbogbo wákàtí yẹn, kò sẹ́ni tó wẹ̀, kò sẹ́ni tó fọ abọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17

Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo gbé kẹ́ẹ̀gì líta 25 sí ẹnu páìpù tó ń gbé omi lọ sókè. Ó kún ní ìṣẹ́jú àáyá 70. Ìyẹn ni pé bí líta 21 ni pọ́ǹpù náà ń fà ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 24 tí mo kà lóru jẹ́ nǹkan bíi líta 500. Líta 500 omi láàárín wákàtí mẹ́fà, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án.

Mo sọ ọ́ fún Màmá bí mo ṣe ń kí wọn. Wọ́n ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." 

Mo yí gbogbo ilé po, kò síbi tí ilẹ̀ ti tutù, kò sí páìpù tó ń kán. Oníṣẹ́ omi tó wá wò ó ní fáàfù ìsàlẹ̀ kàǹga ló ti bàjẹ́, pé omi ń padà sínú kàǹga, pé kí a fa gbogbo páìpù jáde. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, owó rẹ̀ sì pọ̀. Mo bi í ní ìbéèrè kan: páìpù wa gba òkè wọ tánkì, ẹnu rẹ̀ ò kan omi, báwo ni omi tó ti jábọ́ sínú tánkì ṣe máa gòkè padà sínú páìpù? Kò rí ìdáhùn sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó jẹ́ kí n wò ó sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18

Ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ ló ni ilé kejì sí wa. Mo tọrọ aró díẹ̀ lọ́wọ́ wọn nínú agolo mílíìkì. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ṣàlàyé, wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí mo bá rí fáwọn.

Lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti wẹ̀ tán lálẹ́, mo da díẹ̀ sínú àpótí omi ẹ̀yìn WC kọ̀ọ̀kan, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fà á. Omi ìsàlẹ̀ mọ́ gaara. Mo lọ jẹun. Nígbà tí mo fi máa padà dé, kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú, omi ìsàlẹ̀ nínú ti yàrá Màmá ti di búlúù. Èyí tó wà lẹ́bàá pálọ̀ náà ti ń ṣú bọ̀. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀, ó ní, "Owó aṣọ tí mo ń rán nìyẹn."

Omi náà kò pariwo. Ó ń gba ògiri WC sọ̀kalẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi gíláàsì, ojú ò lè rí i. Tánkì òkè á dín, fúlótì á sọ̀ kalẹ̀, pọ́ǹpù á tan, iná á sì máa lọ. Ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì la pe àwọn tó ń fa sọ́kàwéè, a sì ń bú ilẹ̀ olókùúta yìí pé kò fa omi mu. Omi kàǹga tó mọ́ ni à ń kó sínú sọ́kàwéè lójoojúmọ́, tí à ń sanwó iná lé e lórí, tí a tún ń sanwó kí wọ́n wá fà á jáde. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, èyí ló ká mi lára jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22

Ìdí tí omi fi ń jò nínú méjèèjì ò dọ́gba. Nínú ti Màmá, rọ́bà pelebe tó dé ojú ihò ìsàlẹ̀ ti le gan, iyanrìn kàǹga sì ti jẹ eteetí rẹ̀. Mo ra tuntun, mo fi kànìnkànìn fọ ojú ihò náà kí n tó dé e. Nínú ti pálọ̀, rọ́bà dára, fúlótì inú àpótí ló ga jù. Omi kì í dúró, ó ń gòkè kọjá ẹnu páìpù tó wà láàárín, ó ń gba ibẹ̀ lọ. Mo kọ́kọ́ tẹ apá fúlótì náà wálẹ̀, ṣùgbọ́n fáàfù rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ, nítorí náà mo pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Mo wá tò ó kí omi dúró ní ìwọ̀n ìka méjì nísàlẹ̀ ẹnu páìpù àárín. ₦7,000 ni gbogbo rẹ̀.

Mo tún da aró sí i. Títí ilẹ̀ fi mọ́, omi ìsàlẹ̀ funfun báláú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù kẹta

Yúníìtì 78, fáànù gbogbo ènìyàn sì ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ₦7,000 yẹn máa fi wọlé padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8 oṣù kẹta

Fíríìjì ló kàn. Tòkunbọ̀ ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá lọ́wọ́ wa. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ yá mi ní mítà kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á wá kì wáyà ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n bọ òun náà. Láàárín wákàtí 24, fíríìjì wa jẹ yúníìtì 3.4. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo iná ilé wa lọ.

Mo fi owó ₦50 há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, mo pa á dé, mo fa owó náà. Ó jáde bí ẹni fà á nínú àpò. Mo gbé e yí ilẹ̀kùn náà po: lókè ó mú un dáadáa, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdè kò mú un rárá. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti ya, ó ti gan. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ilé ìdáná ló ń gba ibẹ̀ wọlé tọ̀sán-tòru, ìrì inú rẹ̀ ló sì di yìnyín tó nípọn tó ìka méjì lára fírísà. Àwọn kan rò pé yìnyín tó pọ̀ túmọ̀ sí pé fíríìjì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òdìkejì rẹ̀ ni. Yìnyín yẹn dà bí aṣọ òtútù tí ẹ wọ̀ fún ibi tó yẹ kó máa fún yín ní tútù. Kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ á máa sáré, tútù ò sì ní jáde.

Mo wọn gígùn àti ìbú ilẹ̀kùn náà, mo sì ra rọ́bà tuntun lẹ́bàá Pànṣẹ́kẹ́ ní ₦12,000. Ẹ mú ti àtijọ́ dání tí ẹ bá ń lọ rà á, nítorí wíwọ̀n nìkan kò tó: ibi tí rọ́bà náà ti kọ́ sínú ilẹ̀kùn yàtọ̀ láti oríṣi dé oríṣi. Mo yọ fíríìjì kúrò lára iná, mo ṣí i sílẹ̀ kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Páìpù gáàsì wà lẹ́yìn yìnyín yẹn gan-an, bí ọ̀bẹ bá lu ú, fíríìjì ti parí nìyẹn.

Rọ́bà tuntun náà yọ mí lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ká a sínú láílọ́ọ̀nù ti jẹ́ kí igun rẹ̀ kan wọ́, kò fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti ta gbàrọgùdù fún mi. Ìyàwó mi ló ní kí n yọ ọ́, kí n rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún kọ́là tó bá ká. Mo rẹ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo nà án, mo tún un kọ́ wọlé. Ó bá ojú ilé rẹ̀ mu gbẹ́ẹ́. Owó ₦50 há báyìí, ó ń fẹ́ ya tí n bá fà á.

Nígbà tí mo fi wà nídìí ẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku tó ti bo wáyà dúdú ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e kúrò lẹ́bàá sítóòfù gáàsì lọ sí igun kejì, mo sì fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Ooru tí fíríìjì bá yọ nínú ọbẹ̀ ní láti rí ibi jáde gbà. Súìṣì tútù inú rẹ̀ tó wà lórí 6, mo dá a padà sí 3. Omi ṣì ń tutù, ẹja ṣì ń dì.

Wákàtí 24 mìíràn: yúníìtì 1.9.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kẹta

Yúníìtì 67.

Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́bọ̀, ó ní tí a bá ti kì í bọ ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì, owó iná wa máa di ìdajì. Ìyàwó mi ní kó jẹ́ kí ọkọ òun dé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí a fi iná pupa mítà dán an wò lójú gbogbo wa. Áyọ́ọ̀nù nìkan ni a tàn: ìṣẹ́jú àáyá 3.5 láàárín ìtàn kan sí èkejì. A kì ẹ̀rọ náà bọ̀ ọ́: 3.5. A yọ ọ́: 3.5. Kàpásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba iná dúró fún ìgbà díẹ̀, àti gílóòbù kékeré ló máa ń wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, mítà ilé sì ń ka iná tó ṣiṣẹ́ gan-an; kàpásítọ̀ ò dín ìyẹn kù. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àánú àwọn tó ti fi owó oúnjẹ rà á ló ṣe mí.

Gílóòbù méjì tó wà níta, ti ìta gbangba àti ti ẹ̀yìnkùlé, jẹ́ irú àtijọ́ tí wáyà inú rẹ̀ máa ń pọ́n. Wọ́ọ̀tì 60 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀ nítorí olè. Ẹ fọwọ́ kan irú rẹ̀ wò tó bá ti tàn díẹ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ, ooru ló ń sọ ọ́ dà. Mo fi LED wọ́ọ̀tì 9 rọ́pò wọn, ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ò dín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23: yúníìtì 59.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 29 oṣù kẹta

Ẹ̀rọ ìránṣọ. Èyí ni iṣẹ́ tí mo bẹ̀rù jù, nítorí oúnjẹ wa ló wà lórí ẹ̀rọ yẹn.

Mọ́tọ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ jẹ́ clutch motor. Gbogbo téèlọ̀ ló mọ ariwo rẹ̀: tí ẹ bá ti tan súìṣì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí nìyẹn, ẹsẹ̀ yín ì báà wà lórí pẹ́dà tàbí kó má sí níbẹ̀. Pẹ́dà kò tan mọ́tọ̀ náà, ńṣe ló kàn ń so ó mọ́ ẹ̀rọ. Mo kì í bọ mítà kékeré. Nígbà tí ìyàwó mi ń gé aṣọ lórí tábìlì kejì, tí kò sẹ́ni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń fa wọ́ọ̀tì 160. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, yúníìtì 1.6. Tí ẹ bá wo iṣẹ́ téèlọ̀ dáadáa, gígé, kíká, pínpín pín-ìnnì, wíwọ̀n aṣọ fún oníbàárà ló ń gba àkókò jù. Abẹ́rẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí aṣọ.

Servo motor ni àtúnṣe rẹ̀. Ìyẹn ò ní yí àfi tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ìyàwó mi ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn: 550W. Ti àtijọ́ kọ 250W. Ó ní, "Èyí tó ju ìlọ́po méjì lọ lẹ ní kò ní jẹ iná?" Ìbéèrè gidi ni. Nọ́ńbà ara mọ́tọ̀ ń sọ agbára tó ní nígbà tí iṣẹ́ bá le jù, bí ìgbà tí a sọ pé ọkùnrin kan lè ru àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Kò túmọ̀ sí pé ó ń rù ú kiri láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo bẹ olùtajà pé kó tàn án fún wa pẹ̀lú mítà kékeré tí mo mú dání. Tí ẹsẹ̀ ò sí lórí pẹ́dà, wọ́ọ̀tì 4. Ìyàwó mi sanwó, ₦78,000, owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni.

Bólóòtù mẹ́ta ló so mọ́tọ̀ mọ́ tábìlì, ihò wọn bá ara mu. Bẹ́líìtì àtijọ́ gùn jù, nítorí kẹ̀kẹ́ ìdí mọ́tọ̀ tuntun kéré, a ní láti ra èyí tó kúrú. Ẹ rí i pé bẹ́líìtì náà ń rọ̀ níwọ̀n bí ìbú ìka kan tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láàárín; tó bá le jù á máa jẹ mọ́tọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ tàn án, òwú dì mọ́ra nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ sì ṣẹ́. Ńṣe ni kẹ̀kẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ ń yí lọ sẹ́yìn. Bọ́tìnì kan wà lára mọ́tọ̀ náà tó ń yí ọ̀nà tó ń gbà padà: kẹ̀kẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa yí bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó dán an wò, èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní ibi tí a ti ń dín eré rẹ̀ kù. Ọmọ iṣẹ́ tí eré ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń dẹ́rù bà ti ń ran kọ́là fúnra rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ yìí. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ débi pé a gbọ́ ohùn àwọn tó ń kọjá lójú títì.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ìyàtọ̀ tó mú wá súnmọ́ yúníìtì 7 lọ́sẹ̀, bíi ₦1,600. Ó máa tó ọdún kan kí mọ́tọ̀ náà tó san owó ara rẹ̀. Tí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti fíríìjì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin

Ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kì áyọ́ọ̀nù bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù gbóná nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Mo pe bọ̀dá oníná wa. Iṣẹ́ èyí kì í ṣe tèmi. Ó pa iná ní ìdí mítà, ó fi tẹ́sítà wò ó kó tó tú u. Wáyà kan ti tú díẹ̀ nínú ẹ̀, ara ike rẹ̀ ti di bí àkàrà tó jóná. Ó ní oṣù díẹ̀ sí i, iná lè sọ níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo aṣọ oníbàárà tó wà lókè rẹ̀. ₦2,500 pẹ̀lú iṣẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lẹ́yìn tó lọ.

Nítorí áyọ́ọ̀nù yìí kan náà, ìyàwó mi ti yí bó ṣe ń ṣe padà. Tẹ́lẹ̀, áyọ́ọ̀nù á wà lórí iná láti àárọ̀, kó lè máa lọ ojú rírán kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń parí. Ó ń kó wọn jọ báyìí, ó ń lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Òun ló ronú kàn án, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 6: yúníìtì 48. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13: yúníìtì 51. Ooru pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, fáànù ò sinmi, mo sì rò pé ohun tó yẹ kí iná máa ṣe gan-an nìyẹn. ₦11,475 dípò ₦20,250.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹrin

Mo lo ìsinmi òní fún fáànù yàrá Màmá. Ó ti pẹ́ tó ń yí jẹ́jẹ́, orí 5 ni wọ́n máa ń gbé e sí, atẹ́gùn rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mo pa iná láti ìdí mítà, mo tú ìdérí rẹ̀ lókè. Kàpásítọ̀ 2.5 µF tó wà níbẹ̀ ti wú. Mo ra irú rẹ̀ gan-an, nọ́ńbà kan náà, ₦1,000. Bí mo ṣe tàn án, kọ́tìnì ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Màmá ní kí n gbé e wá sí orí 3, pé ó ti pọ̀ jù fáwọn.

Mo fi iná pupa mítà ilé wò ó kí n tó sùn: bíi wọ́ọ̀tì 70. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, yúníìtì 0.63. Mo mú bíírò pupa, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà lọ́hùn-ún, níbi tí gbogbo ilé á ti máa rí i: fáànù Màmá, ₦142 lálẹ́ kan, a kì í pa á.